Ọjọ́ 15 péré ló kù: bí ilé César ṣe tú mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ n kọ eléyìí sílẹ̀ dáadáa, torí gbogbo ìgbà tí àwa tá a máa ń bá wọn ṣètò àwọọ̀dù bá ti pàdé, tí ọ̀rọ̀ ìbò àti ojúsàájú bá wọlé, ẹnìkan á ṣáà fa ọ̀rọ̀ César 2020 yọ, á sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó kan ṣoṣo ni. Bàbá yẹn wà ńbẹ̀ lóòótọ́, a sì máa bá a pàdé títí ọ̀rọ̀ yìí á fi parí. Ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ò ṣòroó rí tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá a, àmọ́ mo ti rí i pé tí mo bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, ojú gbogbo èèyàn á lọ sára ẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa wo ilé tó ń jó lẹ́yìn ẹ̀, ilé yẹn gan-an sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, César ni àwọọ̀dù fíìmù tó ga jù nílẹ̀ Faransé. Georges Cravenne ló dá ẹgbẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní 1975, ó rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní Oscar, ó ní àwọn náà gbọ́dọ̀ ní tàwọn, wọ́n wá ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 1976, Jean Gabin tó jẹ́ òṣèré ló jókòó sórí àga alága lọ́jọ́ náà. Ère tí wọ́n ń fún èèyàn, iṣẹ́ ọwọ́ César Baldaccini ni, ọkùnrin tí wọ́n mọ̀ mọ́ pé ó máa ń fi ẹ̀rọ tẹ mọ́tò àlòkù pọ̀ mọ́ra títí á fi di òkìtì irin kan ṣoṣo, ère yẹn náà sì jọ bẹ́ẹ̀, idẹ tí wọ́n fún pọ̀. Canal+ ló ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1994, àwọn ará wa ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ mọ orúkọ yẹn dáadáa.

Báyìí ni wọ́n ṣe to ilé náà kó tó wó. Àwọn tó ń dìbò yan fíìmù lé ní 4,000: òṣèré, dáírẹ́kítọ̀, àwọn tó ń ya fíìmù, àwọn tó ń rán aṣọ, gbogbo onísẹ́ ọwọ́ inú ẹ̀. Àwọn yìí ń dáwó ẹgbẹ́, wọ́n ń wo fíìmù, wọ́n ń dìbò. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe tiwọn. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó wà fún ìgbélárugẹ fíìmù, tí wọ́n ń pè ní APC (kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú o), ló ni ín, mẹ́ńbà 47 péré, àwọn 47 yìí ló ń yan bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù ló ń yan alága, Alain Terzian tó jẹ́ prodúsà ló sì wà lórí àga náà láti 2003. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn tó ń dáwó ju 4,000 lọ, tí ò sì sí ìkankan nínú wọn tó lè yan akápò tàbí kó ní kí wọ́n ṣí ìwé owó sí òun lójú. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn ará Faransé tó ti gba Oscar sì wà lára àwọn 47 yẹn, bàbá tí mi ò dárúkọ ẹ̀ náà gba Oscar, òun náà wà ńbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níwájú.

Ta ni bàbá ọ̀hún? Dáírẹ́kítọ̀ tó lókìkí gan-an ni, ó jẹ́wọ́ ní kọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ní 1977 pé òun bá ọmọbìnrin tí ò tíì tójúúbọ́ lò pọ̀, ó sì sá kúrò ńbẹ̀ ní 1978 kí wọ́n tó dájọ́ fún un, kò padà mọ́. Àwọn obìnrin mìíràn tún wá fẹ̀sùn kàn án lẹ́yìn náà, ó ní irọ́ ni. Ilẹ̀ Faransé ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti gbé César fún un lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dé ní oṣù kìíní 2017, èyí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ilé César ló fúnra wọn mú bàbá yìí pé kó wá ṣe alága ayẹyẹ ọdún yẹn. Àwọn obìnrin figbe ta, ìwé ẹ̀hónú kún íntánẹ́ẹ̀tì, láàárín ọjọ́ mélòó kan bàbá fúnra ẹ̀ ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ láìní alága rárá. Ó parí síbẹ̀. Wọ́n kà á sí pé òjò ti dá. Kò sẹ́ni tó jókòó béèrè pé báwo la ṣe dé ibi tá a ti rò pé irú ìyàn bẹ́ẹ̀ máa dùn mọ́ aráyé, àwọn wo ló wà nínú yàrá tí wọ́n ti fẹnu kò, kí ló dé tí ò sẹ́ni tó wúkọ́. Tí mo bá ní kí n sọ tọkàntọkàn, 2017 ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀, 2020 kàn jẹ́ ọjọ́ tí gbèsè dé ni.

Ó wá ku bí iná ṣe ràn. Oúnjẹ alẹ́ ló fà á! Ní gbogbo oṣù kìíní, César máa ń ṣe àsè fún àwọn òṣèré tuntun tó ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì mú àgbà kan nídìí iṣẹ́ tó máa bá a jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní 2020 ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mú Claire Denis, dáírẹ́kítọ̀ obìnrin tó dàgbà sí Kamẹrúùnù àti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn kó tó padà sí Faransé, òmíràn mú Virginie Despentes tó ń kọ ìwé tó sì ń ya fíìmù. Ọ́fíìsì César ní rárá, a ò pè wọ́n. Ìdí tó yéni ò sí ńbẹ̀. Àwọn dáírẹ́kítọ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn, SRF ni wọ́n ń pè é, àwọn yẹn bá gbé ọ̀rọ̀ náà síta, César wá tọrọ àforíjì, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ẹyin ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí o. Ẹni tí ò bá tíì ṣiṣẹ́ yìí rí á ní kí ló wà nínú káàdì ìpè méjì. Ẹni tó bá ti ṣe é rí á mọ̀ pé níbi káàdì ìpè gan-an lèèyàn ti ń mọ onílé. Ìbò, a lè ní àwọn 4,000 ló dì í, kò sọ́wọ́ wa ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó sórí tábìlì, ta ni wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, ọwọ́ èèyàn kan ló mú bírò tó fi fa ìlà lé orúkọ yẹn. Àwọn tó ti ń kùn láti ọjọ́ pípẹ́ pé César ti di ilé àwọn kan, wọn ò rí ẹ̀rí kankan fà yọ tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ yẹn wá gbé ẹ̀rí fún wọn sínú àwo.

Ọjọ́ 29 oṣù kìíní, wọ́n ka orúkọ àwọn tó wọ ìdíje. Fíìmù bàbá ló pọ̀ jù, ìgbà 12 ni wọ́n dárúkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dreyfus ló dá lé, ọmọ ológun Júù tí wọ́n parọ́ ìdàlẹ̀ mọ́ nílẹ̀ Faransé láyé ọjọ́un, fíìmù náà ti gba àmì-ẹ̀yẹ ní Venice ní 2019, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sanwó wò ó ní sinimá. Torí náà kì í ṣe pé wọ́n gbé e wá látẹ̀yìn ilé. Wọ́n bi Terzian, ó ní César kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ ìwà. Ẹ gbọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹsẹ̀ tó fi dúró: tí 4,000 èèyàn bá dìbò, alága ò lè wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ yọ fíìmù kúrò, ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ìbò ti kú. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹni tó yọ orúkọ obìnrin méjì kúrò nídìí oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ń sọ ọ́. Ẹ lè yọ Claire Denis, ẹ ò lè sọ ohunkóhun sí ti bàbá yìí? Ìbéèrè yẹn ò ní ìdáhùn, ó sì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ìgbà tó fi máa di nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kejì, nǹkan bí 400 èèyàn inú iṣẹ́ fíìmù ti fọwọ́ sí lẹ́tà kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Le Monde, Omar Sy wà ńbẹ̀, Léa Seydoux wà ńbẹ̀, Céline Sciamma, Jacques Audiard, Bertrand Tavernier, àgbà àti ọmọdé. Lọ́kàn mi, lẹ́tà yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹ sì wo ohun tó sọ: kò ní kí wọ́n yọ fíìmù bàbá. Ohun tó ní ni pé a ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń ná owó, a ò mọ bẹ́ ẹ ṣe ń pinnu, òfin ilé ti gbó, a ń dáwó a ò sì lè yan ẹnikẹ́ni, ẹ tún ilé kọ́ látìpìlẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

César gbìyànjú láti dáhùn. Wọ́n ní kí CNC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fíìmù, bá àwọn wá onílàjà tó máa bá wọn wo òfin ilé. Ì bá jẹ́ ọ̀nà tó dáa ká ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí 400 èèyàn bá ti fọwọ́ síwèé, pípè tẹ́ ẹ ń pe onílàjà, ńṣe ló dà bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó tó ń wá ẹni tó máa yàwòrán ilé tuntun fún un.

Ọjọ́ 13 oṣù kejì, lọ́jọ́ Thursday, gbogbo bọ́ọ̀dù kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìku ẹnìkan. Wọ́n ní káwọn lè bọlá fún àwọn tó ṣiṣẹ́ fíìmù ní 2019 ni, kí ọkàn lè balẹ̀, kí ọjọ́ ayọ̀ lè jẹ́ ọjọ́ ayọ̀. Ọjọ́ 15 péré ló kù sí ayẹyẹ.

Ibí làwọn èèyàn máa ń pàtẹ́wọ́, èmi ò pàtẹ́wọ́. Ẹ wò ó: kí ló yí padà? Àwọn tó ń dìbò ò yí padà. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìbò ò yí padà. Àwọn 47 yẹn wà níbi tí wọ́n wà. Ohun kan ṣoṣo tó lọ ni ẹni tó yẹ kó dúró níwájú gbọ́ èébú tí èsì bá jáde. Wọ́n kọ̀wé fi orí sílẹ̀, wọ́n fi ara sílẹ̀ nínú ilé. Ọjọ́ 26 ni wọ́n tó rí Margaret Menegoz, ìyá prodúsà tó mọ iṣẹ́ dáadáa, kó bá wọn di àga náà mú fúngbà díẹ̀, ìyẹn ni pé láàárín ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 26 kò sẹ́ni tuntun kan tó jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ètò orí sítéèjì kó bi wọ́n pé, tí bàbá yìí bá wọlé ńkọ́? Ta ló máa gbà á? Kí ni atọ́kùn máa sọ?

Ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, bàbá ní òun ò wá, àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù náà ní àwọn náà ò wá. Láàárọ̀ ọjọ́ 28, Franck Riester tó jẹ́ mínísítà àṣà sọ pé kò ní jẹ́ àmì tó dáa tí wọ́n bá fún un ní ti dáírẹ́kítọ̀. Ọ̀rọ̀ mínísítà lọ́jọ́ ìbò, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, àwọn tó fẹ́ dì í fún ẹlòmíì á ní ìjọba ò lè pàṣẹ fún àwa, àwọn tó ti fẹ́ dì í fún un tẹ́lẹ̀ á túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò sọ pé ìyẹn ló fà á o, mo kàn sọ pé kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Alẹ́ dé. Salle Pleyel ní Paris. Àwọn obìnrin tó wá fẹ̀hónú hàn kún ìta, ọlọ́pàá yin tajútajú. Nínú, Florence Foresti ni atọ́kùn, aláwàdà gidi, gbogbo alẹ́ kò pe orúkọ bàbá, orúkọ àwàdà ló ń fi pè é. Ẹni tó wá ka orúkọ àwọn tó wà fún ìwé eré tí wọ́n mú látinú ìwé ìtàn, tó dé orúkọ yẹn, ńṣe ló ń rún un lẹ́nu bí ẹni tí ò mọ̀wé kà. Aïssa Maïga, òṣèré aláwọ̀ dúdú, dìde, ó sọ fún gbogbo họ́ọ̀lù pé tí òun bá ti wọ irú ibi báyìí, òun ò lè ṣe kí òun má ka iye aláwọ̀ dúdú tó wà ńbẹ̀. Ẹ̀rín dá lẹ́nu àwọn kan.

Lẹ́yìn náà ni ti dáírẹ́kítọ̀ tó dáa jù. Emmanuelle Bercot àti ẹnìkan ni wọ́n ní kó wá ṣí àpò ìwé. Ẹnìkan yẹn, Claire Denis ni. Obìnrin tí wọ́n ní kó má wá jẹun ní oṣù kìíní ni wọ́n gbé àpò ìwé lé lọ́wọ́ ní oṣù kejì, kó fi ẹnu ara ẹ̀ ka orúkọ tó wà nínú ẹ̀. Mi ò mọ onítàn tó lè ro irú ẹ̀ jọ. Wọ́n ka orúkọ bàbá. Kò sẹ́ni tó jáde wá gba ère. Adèle Haenel, òṣèré tó ti sọ fáyé gbọ́ ní oṣù kọkànlá 2019 pé dáírẹ́kítọ̀ kan, kì í ṣe bàbá yìí, hu ìwà àìdáa sí òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, dìde lórí ìjókòó, ó ń juwọ́, ó ń pariwo «La honte», ìtìjú rèé o, ó bá jáde, Céline Sciamma tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Foresti ò padà sórí sítéèjì mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé nǹkan náà rí òun lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣètò, ẹ dákun, ẹ wo ojú sítéèjì yẹn. Atọ́kùn ti lọ, alága ti lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó gbapò jẹ́ ẹni ọjọ́ méjì, àmì-ẹ̀yẹ tó tóbi jù ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni. Ta wá ni àmì-ẹ̀yẹ yẹn bọ́ sí lọ́wọ́? Ladj Ly. Ọmọ tí àwọn òbí ẹ̀ wá láti Mali, tó dàgbà sí Montfermeil lẹ́yìn odi Paris, òun ló gba fíìmù tó dáa jù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún márùn-ún péré ṣáájú, ní 2015, Abderrahmane Sissako ti kó César méje lọ́jọ́ kan fún fíìmù tó ṣe nípa Timbuktu, gbogbo ayé ló sì gbọ́. Ti Ladj Ly ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, àwòrán ẹ̀yìn obìnrin tó ń jáde ló gba ojú ìwé ìròyìn. Mi ò dá obìnrin náà lẹ́bi o. Àwọn tó fi ilé sílẹ̀ láìlólùṣọ́ ni mo dá lẹ́bi, àwọn ló gba ọjọ́ ọmọ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àtúnkọ́ ilé wá yá ju bí mo ṣe rò lọ. Kí ọdún 2020 tó parí wọ́n ti ní òfin tuntun: ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á yan aṣojú tiẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin á dọ́gba, alága àti igbákejì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yan Véronique Cayla, tó ti ṣe olórí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Arte rí, àti Éric Toledano tó ń ya fíìmù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mo ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn. Nínú òfin tuntun yìí, wọ́n fi àyè kékeré kan sílẹ̀ pé àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ àtijọ́ tó bá fẹ́ dúró lè wọlé láìdìbò. Àwọn bíi 18 ní àwọn fẹ́. Orúkọ bàbá wà ńbẹ̀. Ariwo tún sọ. Ẹni tó kọ ìlà yẹn, ọ̀wọ̀ ló rò pé òun ń fún àwọn àgbà, ó sì lè jẹ́ pé kò ro ti bàbá rárá nígbà tó ń kọ ọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ òfin ẹgbẹ́, ìlà tí wọ́n kọ nítorí ìtìjú àgbà. Èmi náà ti wà nínú kọmití tá a ti kọ irú ẹ̀, a ní «àwọn olùdásílẹ̀ á wà títí láé», a pàtẹ́wọ́, ọdún méjì lẹ́yìn náà a ò rí ọ̀nà gbé olùdásílẹ̀ kan kúrò.

Ìlànà nípa àwọn tí ẹjọ́ wà lọ́rùn wọn, oṣù kìíní 2023 ló tó dé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ orúkọ òṣèré ọ̀dọ́ kan kúrò lára àwọn òṣèré tuntun tó ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀sùn ìwà ipá wà lọ́rùn ẹ̀, ó ní òun ò ṣe é. Wọ́n ní ẹni tó bá wà lábẹ́ irú ẹjọ́ ìwà ipá bẹ́ẹ̀ kò ní gorí sítéèjì àwọn. Ẹ rí i pé orúkọ tún ṣáájú òfin. Fíìmù tí ọmọkùnrin náà wà nínú ẹ̀ dúró nínú ìdíje, òun fúnra ẹ̀ ò sí ńbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ló jókòó sí họ́ọ̀lù.

Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mi ò kì í fi alẹ́ Salle Pleyel bẹ̀rẹ̀, káàdì oúnjẹ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ní kí wọ́n mú ìwé àlejò ètò tá a ń ṣe lọ́wọ́, kí wọ́n fi yẹ́lò sàmì sí gbogbo orúkọ tá a fa ìlà lé, kí wọ́n kọ ẹni tó fà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí wọ́n kọ ìdí. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n ṣí òfin ẹgbẹ́ wá ẹni tó lè gba bírò lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ní ìgbà mẹ́ta tá a ti ṣe é, ìgbà méjì la wá òfin ọ̀hún tì, ẹnìkan ní ó wà nínú fóònù alága.